Qasim Onígbàjámọ̀ Fọ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Sílẹ̀ De Dókítà

Bí èèyàn bá kó gbogbo irun tí Qasim onígbàjámọ̀ ti fá ní Gàmbàrí láti ogójì ọdún jọ, yóò kún mátírẹ́ẹ̀sì gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Ìlọrin, ìyókù yóò sì tó ṣe ìrọ̀rí. Ọmọ tuntun tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ, òun ló ń fá orí rẹ̀. Ọmọ náà á dàgbà, á kàwé, á di olóṣèlú, á máa da odindi ìpínlẹ̀ láàmú, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó síwájú Qasim, tí abẹ kan ìpàkọ́ rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń ṣe. Kò sí orí tó le lábẹ́ abẹ.

Síbẹ̀, fífá irun kọ́ ló sọ Qasim di gbajúmọ̀. Ìwo ni. Ìwo màlúù mẹ́ta ni bàbá bàbá rẹ̀ gbé lọ́wọ́ nígbà tó ti Kánò wá tẹ̀dó sí Ìlọrin, kò sì gbé nǹkan mìíràn tó ṣeé kà lé. Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn, tí orí bá ń fọ́, tí ọkàn rẹ̀ kàn ń wúwo láìnídìí, á wá jókòó ní ẹ̀bá ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, á bọ́ṣọ sílẹ̀. Qasim á sín gbẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ sí i lẹ́yìn, á gbé ìwo lé e, á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ á sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á dúdú, á ki. Lóde òní, ife rọ́bà tó ní ẹ̀rọ ìfami kékeré ni wọ́n ń lò, àwọn ọ̀dọ́ sì ń pè é ní hìjámà. Qasim ra ife rọ́bà, ṣùgbọ́n ìwo náà ló ń pè é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà: “Ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ nìkan ló ń gbọ́ ìpè ìwo. Èyí tó dára kì í dá a lóhùn.” Ó ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi mọ̀ ọ́n ṣáájú tábìlì ìṣirò onílọ́po méjì. Òun alára gbà á gbọ́ bó ṣe gbà pé ilẹ̀ á mọ́.

Nígbà tó pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ìtọ̀ di ìjà fún un. Ó wá ń rí bí ẹ̀rọ omi ìjọba: wàá dúró tì í, wàá kí i, wàá ṣàdúà fún un, ẹ̀kán méjì ni wàá rí gbà. Qasim gbé ìwo sí ìbàdí títí, kò lọ. Asabe ìyàwó rẹ̀, tó ń ran fìlà fún àwọn tó ń tà á ní Ọjà-Ọba, ló tì í sínú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan bí ẹni ń ti àgbò ọdún, ó di ọsibítù. Jẹjẹrẹ ni wọ́n bá níbẹ̀, èyí tó máa ń mú àgbà ọkùnrin ní ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ó sì rọlẹ̀ fún ọdún méjì. Lọ́dún kẹta, àyẹ̀wò ní ó tún ti ń gbérí.

Ìgbà yẹn ni Dókítà Ràúdátù pè é. Obìnrin kúkurú kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè ni, ọmọ Ìlọrin gan-an. Qasim ti sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé pé, “Orí yìí kì í ṣe àjèjì sí mi. Èmi ni mo fá a nígbà ìsọmọlórúkọ rẹ. O ké débi pé màmá àgbà yín ní kí n máa lọ.”

“Mo sì ti ń dúró láti gbẹ̀san, Bàbá,” Dókítà ló dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ara wọn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ìwádìí kan wà tí ọsibítù àwọn bá yàrá ìwádìí kan l'Ékòó dá sílẹ̀. Ọkùnrin méjìlá ni wọ́n fẹ́ gbà sí i, mọ́kànlá ti pé.

“Bàbá, ẹ lọ ilé kéwú?”

“Bó o bá rí ẹ̀yìn mi, o ò ní bi mí. Ẹgba ṣì wà níbẹ̀.”

“Ẹ mọ wàláà nìyẹn. Ẹ gbọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ yín, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti olùkọ́. Dẹndirítíìkì ni à ń pè wọ́n. Wọ́n ní apá káàkiri ara wọn bí ẹ̀ka igi. Bí ọ̀tá bá wọ ara, wọ́n á já nǹkan díẹ̀ gbà lára rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ fi han àwọn ọmọ-ogun ara pé ojú rẹ̀ rèé, ẹni tó bá jọ ọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n inú ara yín ni jẹjẹrẹ yìí ti hù. Aṣọ ilé ló wọ̀. Àwọn olùkọ́ ń kí i kọjá ni.”

“Ó ń jẹun nínú ilé wa, a ò mọ̀ pé olè ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. A fẹ́ yọ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ká ti ibẹ̀ tọ́ olùkọ́ dàgbà ní yàrá ìwádìí, ká kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, ká wá fi abẹ́rẹ́ dá wọn padà sí yín lára. Ohun tí a ó fi kọ́ wọn lorúkọ rẹ̀ ń jẹ́ mRNA. Ìwé ránpẹ́ ni, bí ohun tí wọ́n kọ sára pátákó wàláà. A ó ṣe àpèjúwe jẹjẹrẹ yín sí i, olùkọ́ á kà á, á mọ̀ ọ́n, ara á sì fọ wàláà nù.”

Qasim ní, “Kò ní tún ìṣẹ̀dá mi kọ?”

“Bí ọmọ kéwú bá fọ wàláà rẹ̀, ṣé Kùránì tó wà lórí pẹpẹ á paré?”

“Kò ní paré.”

“Èyí náà ò kan ìṣẹ̀dá yín. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan ti wà látẹ̀yìnwá. Olùkọ́ á mọ ẹ̀kọ́ tán, ohùn rẹ̀ ò ní jáde. Á máa kọ́ wọn, wọ́n á máa sùn. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ fún wọn ní wàláà mẹ́ta mìíràn. Kò sí ẹ̀kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àṣẹ ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan á jí olùkọ́ lójú oorun. Ọ̀kan á ní kó gbóhùn sókè. Ọ̀kan á ní kó dúró ti àwọn ọmọ-ogun náà, kó má jẹ́ kí ó rẹ̀ wọ́n.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ̀kan sí i fún tíṣà ọmọ-ọmọ mi.”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ sì tún padà sí bó ṣe wà. “Mi ò ṣèlérí ìwòsàn o, Bàbá. Ìwádìí ni. Ó lè ṣe é, ó lè má ṣe é. Mo kàn mọ̀ pé agbára abẹ́rẹ́ tá à ń gún fún yín lóṣooṣù ti ń dín kù.”

Qasim tẹ̀ka sí ìwé. Ó di ẹni kejìlá.

Ní orí bẹ́ǹṣì níta, ẹni kẹtàlá wà níbẹ̀. Alhaji Abdulfattah lorúkọ rẹ̀, àwọn ará Òkè-Lélé ni, lọ́fínńdà àti tẹ̀súbáà ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà-Ọba. Òórùn rẹ̀ ti máa ń dé ọsibítù ní ìdajì wákàtí kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Dókítà ti sọ fún un pé kó máa dúró dè, bóyá ẹnì kan nínú àwọn méjìlá á yẹ̀.

“Gàmbàrí,” ó ní, “ẹ ti gba ààyè mi.”

“Ẹ ti pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ni, Alhaji. Lọ́fínńdà ló dá yín dúró.”

“Kò burú. Mò ń wò yín. Bẹ́ ẹ bá sín báyìí, mo ti wà lórí àga yín.”

“Mi ò ní sín.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìlú láti ọjọ́ yìí, ẹ ti dé ọwọ́ ẹni tó máa fa tiyín. Ọlọ́run ò sùn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ìgò kékeré kan, ó fi lọ́fínńdà ra Qasim lọ́rùn ọwọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fún Qasim kó tó wá fún ẹ̀jẹ̀. Ohun tó sì ṣe láàárín ọjọ́ mọ́kànlá náà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìdílé ìwo kò lè ronú kàn án láé.

Ó rò ó báyìí: ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ mú lọ ilé kéwú, a kì í gbé e lọ pẹ̀lú ikun nímú. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi òróró pa á lára, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní jàlámíà tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wá fẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ l'Ékòó, níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò mọ bàbá rẹ̀. Ṣé bó ṣe wà yẹn, pẹ̀lú ìdọ̀tí ọdún tó lé ní ọgọ́ta, ló máa fi lọ? Wọ́n á ní irú èèyàn wo ló wà ní Gàmbàrí? Ó pe Sàlíhù àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà.

“Ife mélòó?” Sàlíhù bi í.

“Mọ́kànlá.”

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó tún pè é, mọ́kànlá. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ó tún pè é, nítorí ẹ̀jẹ̀ ìkejì ṣì dúdú lójú rẹ̀, ó sì fẹ́ kó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ náà, nígbà tó dìde, ògiri ló dì mú. Asabe dúró sí ẹnu ọ̀nà, òwú fìlà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá Suhaib, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń ṣe èyí?”

“Ṣé èèyàn máa ń ránṣẹ́ sí àlejò pé òun ti gbálẹ̀?”

Asabe wo awo tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, tọkọtaya wọ kẹ̀kẹ́ dé ọsibítù kí oòrùn tó mú. Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá náà tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí a ṣe ń sẹ́ ògì: á gba ti apá kan wọlé, á yọ èyí tí wọ́n fẹ́, á sì dá ìyókù padà sí apá kejì. Qasim wò ó tìfẹ́tìfẹ́, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wo irinṣẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀kán díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n gbà á, wọ́n lọ, wọ́n pẹ́. Nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí, Dókítà Ràúdátù ló wọlé, ó fa àga, ó jókòó sún mọ́ ọn.

“Bàbá, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ka síwèé. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni lónìí. Bí kò bá tó ọgbọ̀n, ẹ̀rọ yìí ò gbọdọ̀ kàn yín.” Ó fi ìka fa ìsàlẹ̀ ojú Qasim wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀. “Ṣé ẹ farapa?”

“Rárá.”

“Ìgbẹ́ yín ń ní ẹ̀jẹ̀? Ìtọ̀ yín?”

“Rárá.”

“Kò síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára yín?”

“Rárá, Dókítà.” Lójú Qasim, irọ́ kọ́ ló pa. Ẹ̀jẹ̀ ò dà. Ìdọ̀tí ló kó dànù.

Dókítà tún wo èsì àyẹ̀wò náà. “Ìdí kan ló kù tí mo lè rò. Inú eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ ibẹ̀ tó sì ń dí i lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ báyìí. Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òfin ìwádìí yìí ò gbà yín mọ́. Kì í ṣe lónìí nìkan. Pátápátá ni. Mo ní láti kọ ọ́ ránṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, káwọn ará Èkó má baà máa retí yín.” Ó fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ jókòó níta díẹ̀. Mo ń bọ̀.”

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Qasim ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti mọ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti dárúkọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, bí òun fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́.

“Ẹ máa lọ wí fún un,” Asabe ní.

“Kí ni mo fẹ́ wí?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n.”

“Asabe, bí mo bá wọlé báyìí tí mo ní ìwo ló gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ, kí ni mo sọ yẹn? Mo sọ pé èyí tó dára náà ń jáde. Ogójì ọdún.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ṣé o rántí ìyá Abdulmateen?”

Asabe rántí. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, òòyì ń kọ́ ọ, ara rẹ̀ funfun bí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, Qasim sì fi ìwo fún un lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù náà kò pé tó fi kú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwo. Wọ́n ní kàdárà ni, Qasim alára ló fá orí ọmọ tó bí.

“Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa á ńkọ́?” Qasim ní.

Asabe tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. “Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn,” ó ní. “Ní báyìí, ẹ ti mọ̀.”

Nínú ọkàn Qasim, ọ̀nà méjì ló wà. Bó bá dákẹ́, orúkọ ìdílé rẹ̀ á dúró bó ṣe wà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé eegun ni, òun á lọ sílé lọ máa retí ikú pẹ̀lú ọlá. Bó bá sọ̀rọ̀, bóyá ààyè kan ṣì wà fún un láti wà láàyè, ṣùgbọ́n ta ni á jẹ́ láàárín ìlú? Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àílà ní mọ́ṣáláṣí ọsibítù. Àwọn èèyàn ń dìde lọ ṣe àlùwàlá. Òun náà dìde, ṣùgbọ́n yàrá Dókítà ló kọ́kọ́ gbà lọ.

“Ẹ jẹ́ n bọ́ṣọ,” ó ní.

“Bàbá?”

Ó ti ń fa jàlámíà rẹ̀ gba orí. Ó yí ẹ̀yìn sí i. Òbìrìkìtì pọ̀ níbẹ̀ bí ihò ọpọ́n ayò: àwọn tó ti ń san, àwọn tó ṣì pọ́n, àwọn tí gbẹ́rẹ́ inú wọn ò tíì jiná rárá. Dókítà Ràúdátù kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rẹ́rìn-ín.

“Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,” ó ní. “Ìgbà mélòó?”

“Ìgbà mẹ́ta. Mo ní kó mọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síwájú àwọn àlejò.”

Obìnrin náà jókòó wálẹ̀ lórí àga rẹ̀. “Àlùhámúdù lílà,” ó rọra wí. “Kì í ṣe eegun.” Ó fa ìwé tó ti ń kọ sọ́dọ̀, ó ya á sí méjì.

Qasim ò wọṣọ. Ó ṣì kọ ẹ̀yìn sí i. “Dókítà, ẹ̀jẹ̀ tá a yọ yẹn. Ó dúdú. Ṣé èyí tó bàjẹ́ kọ́ ni?”

“Ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ló máa ń dúdú bẹ́ẹ̀ tó bá ti lọ káàkiri ara tó ń padà bọ̀.”

“Kí wá ni mo dà nù?”

“Ẹ̀jẹ̀ yín ni, Bàbá.”

Ó mi orí. Ó wọ aṣọ rẹ̀.

Dókítà kò sì pa irọ́ ìtùnú fún un. Ó ní ààyè rẹ̀ ò lè dúró dè é, nítorí àwọn ará Èkó ti to ọjọ́ kalẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló sì kù kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ìwádìí náà. Alhaji Abdulfattah ló máa bọ́ sí i. Ó ní kí Qasim lọ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀, kó máa jẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ kàn án. Bí ààyè bá ṣí kí ìlẹ̀kùn tó tì, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti tó ọgbọ̀n, òun á pè é. Bí kò bá ṣí, kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Ìlọrin kì í pẹ́ gbọ́. Kó tó di Àsárì, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Gàmbàrí pé wọn ò bá ẹ̀jẹ̀ kankan lára Qasim, omi lásán ni. Kó tó di Mùgúríbì, ọsibítù ti yá ẹ̀jẹ̀ àgbò fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àgbò ọ̀hún ti ní orúkọ.

Èyí tó dun Sàlíhù kọ́ nìyẹn. Ohun tó dùn ún ni pé ọkùnrin kan, Abdulganiyu, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wá fún ìwo ní ọ̀sẹ̀ náà, Qasim sì fa ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀ bí Dókítà ti ṣe, ó ní, “Máa lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná. Ojú rẹ funfun.”

“Mo ti sanwó fún kẹ̀kẹ́ wá síbí, Bàbá. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí.”

“Mo gbọ́. Mi ò ní gbé nǹkan lé e.”

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé èyí tó dára kì í jáde?”

Ẹni tó ń gerun lọ́wọ́ yí orí padà, abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú etí rẹ̀.

“Èmi ni,” Qasim ní. “Ó ń jáde.”

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Sàlíhù ní, “Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù bàbá wa pa.”

“Irun ṣì ń hù.”

“Ìwo la fi ń jẹun, Ẹ̀gbọ́n. Èèyàn méjì ló ti kí mi lónìí bí ẹni ń kí olókùú.”

“Kí wọ́n máa kí wa. Àwa ṣì ń jẹ́ wọn.”

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Abdulfattah wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbóòórùn lọ́fínńdà bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rù. Ibà ló mú un lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

“Gàmbàrí, mo gbọ́ pé ẹ sín.”

“Mo sín, Alhaji. Ẹ máa jókòó lórí àga yín.”

“Ẹ fá orí mi. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó ní irun yánpọnyánpọn ni wọ́n máa rí.” Bí abẹ ti ń lọ, ó ní, “Ṣé ó dùn yín?”

“Ó dùn mí.”

“Ó yẹ kó dùn yín. Bí ẹ bá ní kò dùn yín, mi ò ní fọkàn tán yín níbi tí abẹ yìí wà.” Ó tún ní, “Hadiza ìyàwó mi ní ìwà akin lẹ hù. Mo ní ìwà òmùgọ̀ ni, akin lẹ fi bò ó mọ́lẹ̀.”

“Òótọ́ lẹ sọ.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n rí ara wọn nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó ku ọjọ́ mẹ́rin kó padà lọ fún ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn ìrun Súbúhì, Abdulfattah jókòó sórí búùsù rẹ̀, awọ àgbò tó fi ń kírun, kò dìde mọ́. Qasim wà níbi tí wọ́n ti kí ìrun sí i lára, ó wà lára àwọn tó bu yẹ̀pẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà láti itẹ́, ó jókòó sínú ilé títí di alẹ́. Asabe mọ ohun tó ń rò, nítorí òun náà ń rò ó, ojú sì ń ti àwọn méjèèjì láti sọ ọ́ síta.

Ní Àtàlátà, fóònù dún. “Bàbá,” Dókítà Ràúdátù ní, “ààyè kan ṣí.” Ó tún ní, “Ẹ wá ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.”

Ó jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n fi gbígba ẹ̀jẹ̀ sí ọjọ́ Alàmísì, ọjọ́ mẹ́ta kí ìlẹ̀kùn tó tì.

Ní Àlàrùba, Qasim gba ilé Abdulfattah lọ. Hadiza wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin tó wá kí i. Wọ́n pè é jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bo ara rẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ ti wú. Qasim kí i ní kíkí ará fẹ́ra kù, ó ṣàdúà fún òkú náà, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ohun tó bá wá gan-an, ẹnu rẹ̀ kò gbé e.

Obìnrin náà ló gbà á sílẹ̀. “Wọ́n ti pè yín láti ọsibítù?”

“Wọ́n pè mí.”

“Fún ọjọ́ wo?”

“Ọ̀la.”

Hadiza wo ilẹ̀. “Ọ̀la ni ọjọ́ tirẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó máa dùn yín, Alhaja, mi ò ní lọ.”

“Bẹ́ ẹ bá lọ, á dùn mí. Bẹ́ ẹ ò bá lọ, á dùn mí jù bẹ́ẹ̀.” Ó fi etí ìbòrí nu ojú. “Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ẹ lọ lò ó, Bàbá Suhaib. Kó má ṣòfò.”

Ní Alàmísì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí i ní apá méjèèjì. Wọ́n ní kó má ká ìgúnpá, wákàtí mẹ́rin gbáko. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rọ́bà lọ, ó ń gba inú rọ́bà bọ̀, àpò kékeré kan tí wọ́n so rọ̀ sí òkè sì ń kún díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó dà bí omi ọsàn. Dókítà Ràúdátù ní àwọn tó máa di olùkọ́ ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ti wà níta tó máa gbé e dé pápákọ̀ òfurufú. Ó di ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n tó kọ́ wọn tán, ó sì di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ bóyá ẹ̀kọ́ náà wọlé.

Imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún Qasim ní wákàtí kejì. Ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra. Ó fi ètè gbé e, kò kúrò.

“Asabe,” ó ní.

Asabe gbé fìlà tó ń ran sílẹ̀, ó dìde, ó fi ìka họ imú fún un. Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan ojú ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

“Ṣé ibẹ̀ ni?”

“Sọ́wọ́ òsì díẹ̀.”

Ó sún un sọ́wọ́ òsì. Omi ti dé sí Qasim lójú, kò sì lè nù ún. Ó ń wo àpò kékeré náà.

“Ti Alhaji ni ọjọ́ òní,” ó ní.

“Mo mọ̀,” Asabe ní. Ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú fún un, apá ọ̀tún, apá òsì, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé fìlà rẹ̀, ó ń ran án lọ.